Ìdíje Kíkọ Ètò Kọ̀ǹpútà Láàrin Àwọn Ọmọ Àyèká

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa sọ níbi ìpàdé ọdọọdún)

 

Akọ̀wé wa ní kí n sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú lórí iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe, ṣùgbọ́n n kò wá síhìn-ín láti fi iṣẹ́ mi yangàn. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín jíròrò lé lórí, èyí tí í ṣe bí ẹgbẹ́ yìí ṣe lè dá ìdíje kíkọ ètò kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa, ní ọ̀nà tí ọmọ tí ó wà ní Àyèká níhìn-ín yóò fi lè bá ọmọ Àyèká tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston figagbága láìsí ìrẹ́jẹ.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn àgbà kan máa bi ara wọn pé, kí ni à ń pè ní ètò kọ̀ǹpútà? Àṣẹ ni, tí a tò lẹ́sẹẹsẹ fún ẹ̀rọ ní èdè tí ẹ̀rọ gbọ́, kí ó lè bá wa ṣe iṣẹ́ kan. Ẹ̀rọ kò mọ ohun tí ó wà lọ́kàn wa. Ohun tí a bá sọ fún un gan-an ni yóò ṣe, bí a bá sì ṣì í sọ, yóò ṣì í ṣe. Ìdíje rẹ̀ kò jìnnà sí àlọ́ àpamọ̀ tí a ń pa nígbà tí òṣùpá bá yọ. Ẹnì kan á gbé ìbéèrè kalẹ̀, àwọn yòókù á wá ìdáhùn. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé nínú àlọ́, ìdáhùn kan péré ni a ń wá. Nínú ìdíje yìí, ọ̀nà tí yóò máa mú ìdáhùn tí ó tọ́ jáde nígbà gbogbo ni a ń wá, iye yòówù tí a bá fi sínú ìbéèrè náà.

Ẹ jẹ́ kí n fi epo pupa ṣe àpẹẹrẹ, nítorí kò sí ọmọ Ìkálẹ̀ tí a óò máa kọ́ ní ohun tí epo jẹ́. Ìyá kan ní kẹ́ẹ̀gì oríṣi mẹ́ta: ti lítà 10, ti lítà 6 àti ti lítà 1. Oníbàárà dé, ó fẹ́ ra lítà 12. Ìyá náà fẹ́ kí kẹ́ẹ̀gì tí yóò rù lọ sínú ọkọ̀ kéré níye bí ó ti lè kéré mọ, gbogbo wọn ni a ó sì kún dé ẹnu. Ọmọ tí ó bá kánjú yóò kọ́kọ́ mú èyí tí ó tóbi jù, lítà 10, yóò wá fi lítà 1 méjì kún un. Ó di kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta. Ọmọ tí ó bá fara balẹ̀ yóò rí i pé kẹ́ẹ̀gì lítà 6 méjì ti tó. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ní lítà 16 ni òun fẹ́, ọ̀nà oníkánjú náà tọ̀nà, nítorí 10 àti 6 ni. Ẹni tí ó bá fi 16 nìkan dán ètò rẹ̀ wò yóò fi ayọ̀ lọ sùn, láìmọ̀ pé ètò náà kò dára. Nítorí náà, iṣẹ́ ẹni tí ó ṣe olùṣètò ìdíje ni láti ronú kan iye bíi 12 yìí, kí ó sì fi í pamọ́ sí ibi tí oníkánjú yóò ti kọsẹ̀. Mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà fún yín pé ó rọrùn láti dáhùn ìbéèrè mẹ́wàá ju láti kọ ọ̀kan tí ó dára lọ. Àwọn tí yóò kọ ìbéèrè ni kí a kọ́kọ́ wá, kí a tó wá ẹ̀bùn.

Irú ìdíje yìí kì í ṣe nǹkan àná. Ní ọdún 1970 ni wọ́n ṣe ọ̀kan ní yunifásítì Texas A&M ní Amẹ́ríkà, èyí tí ó dàgbà di ìdíje àgbáyé àwọn yunifásítì tí a mọ̀ sí ICPC. Ní ọdún 1989 ni ti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, tí a mọ̀ sí IOI, bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Bulgaria. Nínú ICPC, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ni ó ń jùmọ̀ lo kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo fún wákàtí márùn-ún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ń sọ pé ìlú wa kò ní kọ̀ǹpútà tó.

Ní Nàìjíríà níhìn-ín, Mark Essien, tí ó dá Hotels.ng sílẹ̀, ni ó bẹ̀rẹ̀ HNG Internship, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ ti ń pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ṣe iṣẹ́ ní ìpele-ìpele. Ẹni tí kò bá parí iṣẹ́ ìpele kan kí àkókò tó pé, kò ní bá wọn dé ìpele kejì. Ètò náà mú ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ gbóná sí iṣẹ́, n kò sì bá a wí. Asẹ́ ni, asẹ́ ni ẹni tí ń wá òṣìṣẹ́ sì nílò. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ìlú kò wá òṣìṣẹ́. Ọmọ ni ó ń tọ́.

N kò bá má mọ ìyàtọ̀ yìí bí kì í bá ṣe ohun tí ojú mi rí. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní Èkó ṣe ìdíje kan láàrin ara wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A fi í sí alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, láti aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá, a sì fi kọ̀ǹpútà alágbèéká ṣe ẹ̀bùn. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi, tí ó wà ní Àyèká, forúkọ sílẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ̀ bí agbègbè Òkìtìpupa ṣe wà fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí iná ìjọba, àkókò náà sì ni. Ọmọ náà gbé fóònù rẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi jẹnẹrétọ̀ gba owó lọ́wọ́ ènìyàn, kò sì rí i gbà kí ó kún kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó dáhùn ìbéèrè méjì, bátìrì kú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ó fi ìdáhùn ẹ̀kẹta ránṣẹ́ sí mi. Mo dán an wò, ó tọ̀nà láti òkè dé ilẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti ti ìlẹ̀kùn, ẹ̀bùn sì ti bọ́ sọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tí ó ti ní kọ̀ǹpútà méjì nílé. N kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, nítorí èmi náà wà níbẹ̀ nígbà tí a mú aago mẹ́jọ alẹ́, n kò sì lanu sọ̀rọ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ṣe é. Eric Wastl, ará Amẹ́ríkà, ti ń ṣe Advent of Code ní oṣù Kejìlá láti ọdún 2015. Òru ni ìbéèrè rẹ̀ ń jáde níbẹ̀, aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni lọ́dọ̀ wa. Ohun méjì ni mo rí kọ́ lára rẹ̀. Èkíní, olúkúlùkù ni a ń fún ní iye tirẹ̀ láti ṣe ìṣirò lé lórí, nítorí náà ìdáhùn ọ̀rẹ́ ẹni kò wúlò fún ni. Èkejì, ìdáhùn nìkan ni a ń fi ránṣẹ́, kì í ṣe ètò tí a kọ. A lè fi èdè kọ̀ǹpútà èyíkéyìí ṣe é, lórí ẹ̀rọ tí kò lágbára. Ìdáhùn ìlà kan kò jẹ dátà, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ wa kò ní láti ra ẹ̀rọ ńlá láti fi ṣe ìdájọ́. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi to orúkọ àwọn tí ó yára jù lọ ní gbogbo ayé. Ní ọdún 2025, Wastl mú ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà kúrò, ó sì dín ọjọ́ ìdíje kù sí 12.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan wà ní ṣíṣí fún ọjọ́ méje, kí ẹni tí ó dáhùn ní ọjọ́ kìíní àti ẹni tí ó dáhùn ní ọjọ́ keje gba máàkì kan náà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àwọn òyìnbó, aago Lọ́ńdọ̀nù àti tiwa dọ́gba. Nígbà òtútù wọn, wákàtí kan ni a fi ṣíwájú wọn. Ti Houston jẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí méje. Kò sí wákàtí kan tí yóò tẹ́ gbogbo wa lọ́rùn, àfi kí a fún gbogbo wa ní ọ̀sẹ̀.

Ní ti ẹ̀bùn, ẹ má jẹ́ kí ó tóbi. Ilé iṣẹ́ DigitalOcean dá Hacktoberfest sílẹ̀ ní ọdún 2014, ẹ̀wù lásán ni wọ́n sì ń fi ṣe ẹ̀bùn nígbà náà fún ẹni tí ó bá ran àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́ nínú ètò kọ̀ǹpútà wọn. Ní ọdún 2020, àwọn ènìyàn da iṣẹ́ tí kò wúlò bo àwọn olóhun mọ́lẹ̀, nítorí ẹ̀wù! Oṣù náà kò tíì parí tí wọ́n fi ní láti yí òfin padà, pé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó bá fọwọ́ sí i nìkan ni kí ìdíje máa lọ. Èyí tí ó tọ́ sí wa ni dátà oṣù mélòó kan àti ìwé, kí orúkọ ọmọ náà sì jáde nínú ìwé ìròyìn yìí pẹ̀lú orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé ẹ̀rọ ti ń kọ ètò fúnra rẹ̀ báyìí, pé ọmọ lè bi í léèrè kí ó sì da ìdáhùn rẹ̀ kọ. Òótọ́ ni, n kò sì mọ òfin tí ó lè dí i lọ́nà tán. Nítorí náà ni mo fi fẹ́ kí àwọn tí ó bá ṣe dáadáa jù wá sọ ọ̀nà tí wọ́n gbà fún àwọn adájọ́, lójúkojú tàbí lórí fóònù, ní Yorùbá tàbí ní Ìkálẹ̀ wa. Ẹni tí kò bá lè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì fún ìyá elépo, ètò náà kì í ṣe tirẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Kí a má fi ara ti olówó kan. Google ṣe ìdíje Code Jam láti ọdún 2003, ó sì pa á tì ní ọdún 2023, bí ó ti lówó tó. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ìlú ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó fi ṣílè ṣílè kọ́ ilé ìwé nígbà ayé àwọn bàbá wa. Ohun tí mo ń tọrọ kò tó bẹ́ẹ̀: ẹ̀rọ tí ń fi oòrùn ṣe iná kan nínú gbọ̀ngàn ìlú, kí àwọn ọmọ lè máa wá gba iná sí fóònù láìsanwó ní gbogbo ọ̀sẹ̀ ìdíje, àti tábìlì mélòó kan tí ọmọ mẹ́ta-mẹ́ta lè jókòó tì.

Mo tún ń wá ènìyàn mẹ́rin tí yóò máa kọ ìbéèrè. Yunifásítì Olusegun Agagu kò jìnnà sí wa ní Òkìtìpupa. Bí a bá ní ọmọ níbẹ̀ tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, kí ó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Méjì lè ti òkè òkun wá. Ipò kẹrin ni mo fẹ́ kí ẹ fún ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí ẹgbẹ́ bá gbà á. Òun ni ó fún mi ní ìbéèrè kẹ́ẹ̀gì tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ lónìí. Kí àwọn yòókù fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Akọ̀wé kí ìpàdé yìí tó túká.