ỌJỌ́ ORÍ PÁTÉNTÌ: Ọ̀RỌ̀ FÚN ÀWỌN ONÍṢẸ́-ỌWỌ́ ILẸ̀ KÀBÀ



Bí alágbẹ̀dẹ tàbí ajórin kan ní Kàbà bá fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ tí ó ń rin gbágùúdá tí ó sì ń fún omi rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí, òfin fún un ní àǹfààní láti gba ìwé àṣẹ tí à ń pè ní páténtì. Òun nìkan, àti ẹni tí ó bá yọ̀ǹda fún, ni ó lè ṣe ẹ̀rọ náà tà. Ṣùgbọ́n àṣẹ yìí kì í ṣe ogún ìdílé tí kì í tán. Ó ní ọjọ́ ìbí, ó sì ní ọjọ́ ikú.

Òfin Páténtì ti ọdún 1970 fún un ní 20 ọdún. A kì í ka ọdún wọ̀nyí láti ọjọ́ tí oníṣẹ́ parí ẹ̀rọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kì í kà á láti ọjọ́ tí a fi ìwé àṣẹ lé e lọ́wọ́. Ọjọ́ tí ìwé ìbéèrè rẹ̀ wọ ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ní Abújá ni ìṣirò bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ìwé sílẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2025, oṣù Kẹta ọdún 2045 ni àṣẹ rẹ̀ yóò parí. Kí ó ṣọ́ra kí ó má ṣe pàtẹ ẹ̀rọ náà lọ́jà kí ó tó fi ìwé sílẹ̀, nítorí ohun tí gbogbo ayé ti rí kì í ṣe tuntun mọ́.

Láàárín 20 ọdún náà, ọdọọdún ni a ń san owó. Bí ọjọ́ ìsanwó bá kọjá, òfin fi oṣù 6 ṣe àyè, pẹ̀lú owó ìtanràn. Bí oṣù 6 náà bá tún kọjá, àṣẹ náà kú, ẹnikẹ́ni ní Òkènè tàbí Lọ́kọ́ja sì lè ṣe ẹ̀rọ náà láìbèèrè. Báyìí ni ìgbàgbé ṣe lè gba iṣẹ́ ọdún púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni.

Ní ayé ìjọba òyìnbó, lábẹ́ òfin ọdún 1925, páténtì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Bí ó bá sì kú lọ́hùn-ún, ó kú níhìn-ín. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1949 fún un ní ọdún 16, a sì lè bẹ̀bẹ̀ fún àfikún. Ní Amẹ́ríkà lónìí, oníṣòwò oògùn lè gba àfikún tí kò ju ọdún 5 lọ, nítorí ìgbà tí àyẹ̀wò oògùn ń gbà. Òfin Nàìjíríà kò fún páténtì ní àfikún kankan.

Ọ̀ràn àrà tuntun tí ahunṣọ Búnú bá dá sára aṣọ yàtọ̀. Ọdún 5 ni ti ìyẹn, a sì lè sọ ọ́ dọ̀tun lẹ́ẹ̀méjì, kí ó di ọdún 15. Àrà tí àwọn baba ńlá ti ń hun kì í ṣe tuntun. Kò tọ́ sí ẹnì kan ṣoṣo.

Nítorí náà, kí oníṣẹ́ kọ ọjọ́ tí ó fi ìwé sílẹ̀ sí ibi tí ojú rẹ̀ yóò máa tó o. Kí àwọn ọ̀dọ́ sì mọ̀ pé ẹ̀rọ tí páténtì rẹ̀ ti parí ti di ti gbogbo ènìyàn: ẹ lè ṣe é, ẹ sì lè tún un ṣe kí ó dára ju ti àtijọ́ lọ.