Eré Ìdárayá Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ ní Àkókò Àjàkálẹ̀ Àrùn

Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan, ọmọ ìlú Òṣú, bá ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa sọ

  

Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ lónìí ni kí n dáhùn ìbéèrè kan: bí àjàkálẹ̀ àrùn bá wọ̀lú, ṣé kí a jẹ́ kí eré ìdárayá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa lọ, tàbí kí a dá a dúró? Ẹnìkan lè sọ pé kòrónà ti kọjá, kí ni a tún ń wá lẹ́yìn rẹ̀? Èsì mi ni pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọlọ́gbọ́n ń tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Bí a bá dúró títí òjò yóò fi dé, ariwo ni a ó máa pa, a kò ní lè ronú.

Àjàkálẹ̀ àrùn kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ wa. Àwọn baba wa mọ ṣọ̀pọ̀ná, wọ́n sì bẹ̀rù rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀ ní gbangba. Ọdún 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé a ti lé e kúrò láyé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn kan bá ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀ ní Èkó, ó sì tẹ̀lé ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin wọ inú ilẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ojú irin sì ti dé Òṣogbo láti ọdún 1907. Àwọn òpìtàn ṣírò rẹ̀ pé ènìyàn bí 500,000 ni ó pa ní Nàìjíríà. Ní oṣù keje ọdún 2014, Ebola bá ọkọ̀ òfuurufú wọ Èkó. Ènìyàn 20 ni ó mú, mẹ́jọ sì kú nínú wọn. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kú ni Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, akọni obìnrin tí kò gbà kí aláìsàn àkọ́kọ́ jáde kúrò ní ilé ìwòsàn lọ káàkiri ìgboro. Ní ọdún náà, ìjọba sún ọjọ́ ìwọlé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ síwájú, àwọn ọ̀dọ́ eléré ìdárayá wa kò sì lè lọ sí ìdíje Òlíḿpíìkì àwọn Ọ̀dọ́ ní ìlú Nanjing ní ilẹ̀ Ṣáínà.

Lẹ́yìn náà ni kòrónà dé. Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní in ní Nàìjíríà. Kí oṣù kẹta tó parí, ilé-ẹ̀kọ́ ti tì. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiwa, àwọn èrò tí ó ju 100 lọ ti Côte d'Ivoire dé sí Èjìgbò, wọ́n sì yà wọ́n sọ́tọ̀ láti yẹ̀ wọ́n wò. Àwọn tí a kọ sílẹ̀ pé àrùn náà pa ní Nàìjíríà ju 3,100 lọ. Ẹ̀yin ará, ìtàn yìí fi ohun kan hàn wá: àrùn kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, ènìyàn tí ó ń rìn ni ó ń gbé e káàkiri. Ìlú wa sì wà lórí ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà. Ohun tí ó bá ń kọjá kì í ṣàì yà kí wa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ire nípa eré ìdárayá, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo kórìíra rẹ̀. Lórí pápá ni ọmọ ti ń kọ́ bí a ti ń borí láìgbéraga àti bí a ti ń pàdánù láìbínú. Ọmọ mìíràn wà tí ìṣirò kò yé, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Pápá nìkan ni ibi tí a ti ń pàtẹ́wọ́ fún un. Fún àwọn mìíràn, ọ̀nà oúnjẹ ni. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, fi eré sísá dé Yunifásítì Texas ní El Paso. Ní oṣù keje ọdún 2022, ní ìlú Eugene ní Amẹ́ríkà, ó sá eré 100 mítà olóhun-ìdènà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12, èyí tí obìnrin kankan kò sá rí ṣáájú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé eré lásán ni eré ìdárayá, kò mọ ohun tí ó ń sọ. Ohun iyebíye ni a ń gbà lọ́wọ́ ọmọ nígbà tí a bá dá a dúró.

Ṣùgbọ́n kí ni eré ìdárayá ń ṣe nígbà tí àrùn bá wà níta? Àwọn àrùn kò rin ọ̀nà kan náà. Ti onígbáméjì, omi àti oúnjẹ ni ó ń bá wọlé; bí ọmọ 40 bá ń fi ife kan ṣoṣo bu omi mu nínú korobá kan ní ẹ̀gbẹ́ pápá, ewu dé. Ti Ebola, omi ara aláìsàn ni ó ń gbé e. Ìjàkadì àti bọ́ọ̀lù, níbi tí òógùn àti ẹ̀jẹ̀ ti ń kan ara ẹni, kò dára nígbà náà. Ti kòrónà, inú èémí ni ó wà. Afẹ́fẹ́ gbangba kì í jẹ́ kí ó ní agbára púpọ̀, ṣùgbọ́n inú yàrá tí a tì pa ni ó ti ń jayé. Nítorí náà, kì í ṣe orí pápá ni ewu rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ewu náà wà nínú bọ́ọ̀sì tí a ti kó ọmọ 30 sí ibi tí ó yẹ fún 18, tí gbogbo wọn ń kọrin. Ó wà nínú yàrá tí a ti tẹ́ ẹní wọn mọ́ra wọn ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gbà wọ́n lálejò. Ó wà láàárín èrò ìwòran tí ń ṣu jọ tí wọ́n ń hó. Àwọn dókítà tún rí i pé kòrónà lè mú kí iṣan ọkàn wú, nítorí náà ni wọ́n fi ń kìlọ̀ pé kí eléré tí ó bá ṣàìsàn náà sinmi dáadáa kí ó tó tún máa sáré.

Ẹ wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ṣe. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 2020, NCAA, àjọ tí ó ń ṣe àkóso eré ìdárayá àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Amẹ́ríkà, fagi lé ìdíje ńlá ti bọ́ọ̀lù àjùsápẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù kẹjọ, tí àkókò bọ́ọ̀lù tiwọn ń bọ̀, ẹnu wọn kò kò mọ́. Ẹgbẹ́ yunifásítì méjì, Big Ten àti Pac-12, sọ pé àwọn kò ní gbá a. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá yòókù sọ pé àwọn yóò gbá a. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni Big Ten yí ọ̀rọ̀ padà, wọ́n ní àwọn yóò máa yẹ àwọn eléré wò lójoojúmọ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdíje ni àrùn náà dá dúró láàárín ọ̀nà. Owó tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń san wà nínú ọ̀rọ̀ náà, owó náà sì pọ̀. Àwọn yunifásítì ni ó ń gba owó. Àwọn ọmọ tí ó ń sáré kò gba owó iṣẹ́ nígbà náà. Ìbéèrè tí mo kọ́ níbẹ̀ nìyí, kí a sì máa bi ara wa ní gbogbo ìgbà: ta ni ń jẹ èrè, ta sì ni ń gbé ewu? Níbí, kì í ṣe owó tẹlifíṣọ̀n ni ó lè fọ́ wa lójú, bí kò ṣe ife ẹ̀yẹ, orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, àti ìyìn tí ọ̀gá yóò gbà. Àwa kò sì ní ohun èlò tí a ó fi máa yẹ ọmọ kọ̀ọ̀kan wò lójoojúmọ́.

Nílé níhìn-ín, a rí àpẹẹrẹ tí ó dára ju ti Amẹ́ríkà lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo kò yẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí èrò rẹpẹtẹ wá. Àwọn tí ètùtù wà lọ́wọ́ wọn ṣe ètùtù, àwọn olùwòran sì jókòó sílé. Ẹ kíyè sí ọgbọ́n inú rẹ̀: wọ́n ya ohun tí ọdún náà jẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó kó èrò jọ. Ohun tí eré ìdárayá ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ ni kí ọmọ lo ara rẹ̀, kí ó kọ́ ìwà. Bọ́ọ̀sì, èrò, ife ẹ̀yẹ àti àsè, ara ohun tí ó kó èrò jọ ni wọ́n. Bí àrùn bá dé, ti àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ yẹ̀; ti ìkejì lè dúró.

Àwọn kan yóò sọ pé, "Ọjà Òṣú ń ná, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí ṣí, kí ló dé tí ó fi jẹ́ pápá àwọn ọmọ nìkan ni a ó tì?" Ẹni tí ó lọ sí ọjà, àgbà ni, ó mọ ohun tí ó ń wá, oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ sì ni. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kò yan ewu fún ara rẹ̀. Àwa ni a ń yàn án fún un. Àwọn mìíràn yóò sọ pé kòrónà kì í sábà pa ọmọdé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ọmọ náà ń bá gbé? Ọ̀pọ̀ ọmọ wa, ọ̀dọ̀ ìyá-ìyá wọn ni wọ́n ń sùn. Ife ẹ̀yẹ wo ni a ó fi tu ọmọ tí ó gbé ikú wá bá ìyá rẹ̀ àgbà nínú?

Ní ọwọ́ kejì, èmi kò gbà pẹ̀lú àwọn tí ń sọ pé kí a dá ohun gbogbo dúró. Ní ọdún 2020, a rí ohun tí àìsíṣẹ́ ń ṣe fún ọmọ: àwọn kan bọ́ sórí ọ̀kadà, àwọn ọmọbìnrin kan di ìyá ọmọ láìròtẹ́lẹ̀, àwọn kan kò sì padà sí kíláàsì mọ́.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Àwa Ìjẹ̀ṣà ni a ń pè ní Òṣómàáló. Àwọn baba wa ń ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí ọjọ́ owó bá pé, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọn kò sì ní dìde títí wọn yóò fi gba owó wọn. Eré tí a bá sún síwájú nítorí àrùn, ọjà àwìn ni. Ọmọ ni ó tà á fún wa. Àwa àgbà ni a jẹ gbèsè. Ẹ̀mí tí ó bá lọ, kò sí òṣómàáló tí ó lè gbà á padà. Ṣùgbọ́n eré tí a sún síwájú, a lè san án. NCAA san tirẹ̀: ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, wọ́n fún àwọn eléré ìgbà ìrúwé tí ọdún wọn bàjẹ́ ní ọdún kan sí i. Ìdíje Òlíḿpíìkì ti Tokyo wáyé ní ọdún 2021, Tobi Amusan ṣe ipò kẹrin níbẹ̀, ọdún kejì rẹ̀ ni ó sì borí gbogbo ayé. Àjọ̀dún Eré Ìdárayá ti Orílẹ̀-èdè, tí ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Benin ní oṣù kẹta ọdún 2020, wáyé níbẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2021.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó wà ní kíláàsì àṣekágbá ní girama ní ọdún 2020 ńkọ́? Wọ́n pè é wọlé ní oṣù kẹjọ láti wá ṣe ìdánwò WAEC, ó ṣe é, ó sì jáde. Ta ni ó pè é padà wá sá eré tí a jẹ ẹ́? Ní ilẹ̀ wa, "a sún un síwájú" sábà máa ń túmọ̀ sí "ó ti tán." Èyí ni ó ń bí àwọn ọmọ nínú, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti bínú.

Nítorí náà, mo bẹ ẹgbẹ́ wa kí ó bá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìlú wa ṣe àdéhùn mẹ́rin, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí tí ara dẹ̀ wá.

Èkínní, kí ìpinnu láti dá ìdíje láàárín ilé-ẹ̀kọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ dúró wà lọ́wọ́ oníṣègùn ìjọba, kì í ṣe lọ́wọ́ olùkọ́ eré, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, tàbí ẹni tí ó fi ife ẹ̀yẹ ta wá lọ́rẹ.

Èkejì, níwọ̀n ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ṣí, kí eré ìdárayá máa lọ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ní gbangba, ní ẹgbẹ́ kéékèèké, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ní ife omi tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí eléré kọ̀ọ̀kan ní káàdì ìlera. Èyí kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà fi káàdì lé àwọn ìyá lọ́wọ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé láti máa ṣọ́ ìdàgbà ọmọ wọn, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé sì kọ́ ọ lára rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, tí ó sì wúwo jù lọ nínú gbogbo rẹ̀, kí a san gbèsè náà. Bí a bá dá ìdíje dúró, kí a kọ orúkọ àwọn ọmọ tí ó yẹ kí ó kópa sílẹ̀. Kí owó rẹ̀ wà ní àpò ọ̀tọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ṣe ohun mìíràn. Kí a sì pè wọ́n padà láàárín ọdún kan tí àrùn bá kásẹ̀ nílẹ̀, àní bí wọ́n tilẹ̀ ti jáde ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin ọmọ Òṣú tí ẹ wà ní Èkó, ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yin ni mo ń wò lójú nípa owó yìí.

Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, nígbà tí a bá sọ fún ọmọ pé, "Dúró ná," yóò gbà wá gbọ́, yóò sì dúró. Bí a kò bá ṣe é, kí ó má yà wá lẹ́nu bí ó bá fo ògiri lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ìkọ̀kọ̀, níbi tí kò sí olùkọ́ tí ó lè ṣọ́ ọ.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a tún rí irú ọdún 2020 mọ́. Bí ó bá sì dé, kí ó bá wa ní ìmúrasílẹ̀.  Kí ìlú Òṣú máa lọ síwájú.