Ta Ni Ń San Gbèsè Báǹkì Ńlá?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá bá yín lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe ti ọ̀nà tó bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ báǹkì ni. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní, "Èwo ló kàn mí nínú ti báǹkì? Ọ̀dọ̀ alájọ lowó mi wà." Ẹ fara balẹ̀ ná. Ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ ní báǹkì pàápàá ti bá wọn dá sí gbèsè wọn rí, wọn ò kàn sọ fún un ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní 1953 ni wọ́n dá Co-operative Bank sílẹ̀ ní Ìbàdàn, báǹkì àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí àgbẹ̀ kòkó pọ̀ nínú wọn. Kì í ṣe báǹkì ńlá, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi owó síbẹ̀ mọ ẹni tí wọ́n ń fi owó lé lọ́wọ́. Nígbà tó di oṣù Keje 2004, gómìnà Báǹkì Àpapọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Soludo, kéde pé báǹkì tí kò bá ní bílíọ̀nù 25 náírà owó ìpìlẹ̀ kí 2005 tó parí, kó kógbá sílé. Bílíọ̀nù 2 péré ni wọ́n ń béèrè tẹ́lẹ̀. Báǹkì 89 ló wà nílẹ̀ nígbà náà. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ó ku 25. Co-operative Bank kò lè dá dúró. Òun àti mẹ́rin mìíràn para pọ̀, wọ́n di Skye Bank. Báǹkì alájẹṣẹ́kù di báǹkì Èkó.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2018, Báǹkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Skye Bank. Gbèsè ti jẹ ẹ́ dé egungun. Wọ́n dá báǹkì mìíràn sílẹ̀ dípò rẹ̀, wọ́n pè é ní Polaris, wọ́n sì da bílíọ̀nù 786 náírà sínú rẹ̀. Lóòótọ́, owó àwọn tó fi owó pamọ́ síbẹ̀ kò sọnù, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe parí. Ní 2022 wọ́n ta Polaris. Ẹni tó rà á san bílíọ̀nù 50 sílẹ̀, wọ́n sì fún un ní ọdún 25 láti san gbèsè tó kù. Ọdún 25 o! Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ yá owó ajílẹ̀ rí ní báǹkì, oṣù mélòó ni wọ́n fún yín? Ìwé ilé ta ni wọ́n ní kí ẹ mú wá?

Ìlérí tí wọ́n ṣe fún wa ní 2004 ni pé bí báǹkì bá tóbi, kò ní ṣubú mọ́. Kò pé ọdún 4 lẹ́yìn tí wọ́n parí iṣẹ́ náà tí iná fi ràn mọ́ ilé. Ní oṣù Kẹjọ 2009, Sanusi Lamido Sanusi, tó gbapò lọ́wọ́ Soludo, yọ ọ̀gá àgbà báǹkì 5 lẹ́ẹ̀kan náà: Union, Intercontinental, Oceanic, Afribank àti FinBank. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, ó yọ 3 sí i. Bílíọ̀nù 620 náírà ni Báǹkì Àpapọ̀ rọ́ sínú àwọn báǹkì tí ẹ̀mí ń bọ́ lára wọn. Kí ló ṣe wọ́n? Wọ́n yá owó fún àwọn tó fi ń ra ṣíà, wọ́n yá àwọn oníṣòwò epo, wọ́n yá ọ̀rẹ́, wọ́n sì yá ara wọn. Nígbà tí iye ṣíà já wálẹ̀ ní 2008, owó ò padà mọ́. Cecilia Ibru, tó jẹ́ ọ̀gá Oceanic Bank, gbà nílé ẹjọ́ ní 2010 pé òun jẹ̀bi. Dúkìá tó tó bílíọ̀nù 191 náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀, oṣù 6. Ẹni tó jí ewúrẹ́ ní abúlé lè lò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Àwọn àgbà ní ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ. Ibẹ̀ gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí wà. Báǹkì tó bá ti tóbi jù mọ̀ pé ìjọba kò ní jẹ́ kóun kú, torí pé bóun bá kú, owó oṣù òṣìṣẹ́, owó ilé ẹ̀kọ́, owó ọjà, gbogbo rẹ̀ á há. Nítorí náà ó lè máa ta tẹ́tẹ́. Bó bá jẹ, àwọn onípìn-ín ló ni èrè. Bí kò bá jẹ, gbogbo wa la ni gbèsè. Ní 2010 ìjọba dá AMCON sílẹ̀ láti máa ra gbèsè burúkú lọ́wọ́ àwọn báǹkì, ìjọba àpapọ̀ ló sì ṣe onígbọ̀wọ́. Wọ́n ní àwọn báǹkì náà ń dá owó sí i lọ́dọọdún. Ó dáa. Níbo ni báǹkì ti ń rí owó tó ń dá? Ṣé kì í ṣe nínú èlé tí à ń san, àti nínú náírà kéékèèké tí à ń rí lórí fóònù pé wọ́n ti yọ? Ìyá aláta tí kò ní àkáǹtì ńkọ́? Alágbàtà tó ń já ata fún un yá owó ní báǹkì. Èlé owó náà ti wà nínú iye apẹ̀rẹ̀ ata kí ìyá tó gbé e kalẹ̀.

Ṣé ká wá fọ́ àwọn báǹkì ńlá wọ̀nyí sí wẹ́wẹ́ ni? Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ń sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn létí. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ní oṣù Kìíní 1998, báǹkì 26 ni Báǹkì Àpapọ̀ tì pa lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí òmìrán kan nínú wọn. Ní oṣù Karùn-ún 2023, ó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báǹkì kéékèèké 132. Heritage Bank, tí wọ́n tì pa ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà 2024, kò sí lára àwọn ńlá. Ọpẹ́ ni pé oṣù kan ṣáájú ìgbà náà ni NDIC, àjọ tó ń dójútòfò owó inú báǹkì, gbé iye tó ń san fún ẹnì kan láti 500,000 náírà sí mílíọ̀nù 5. Ẹni tí owó rẹ̀ ju ìyẹn lọ ní láti dúró dìgbà tí wọ́n bá ta dúkìá báǹkì náà. Báǹkì kékeré tí olówó rẹ̀ ń yá ara rẹ̀ á kú bí ńlá ṣe ń kú. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé bí kékeré bá kú, a lè sin ín.

Àwọn mìíràn ní òfin líle nìkan ti tó. Òfin ti wà tipẹ́, ẹ̀yin èèyàn wa. Láti 1977 ni Báǹkì Àpapọ̀ ti pàṣẹ pé kí báǹkì lọ ya ẹ̀ka sí ìgbèríko. Wọ́n wá lóòótọ́. Wọ́n gba owó wa, wọ́n kó o lọ sí ìlú ńlá, ibẹ̀ ni wọ́n ti yá a fáwọn tí wọ́n jọ ń jẹun. Nígbà tí náírà wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, à ń fi owó ra owó tiwa lọ́wọ́ oní-POS.

Ohun tó ti ṣiṣẹ́ díẹ̀ ni ká fi okùn àti àdá ṣe é pọ̀. Lẹ́yìn wàhálà 2009, wọ́n ní kí báǹkì ta ilé iṣẹ́ adójútòfò àti ti ṣíà tí wọ́n ń ṣe mọ́ ọn, tàbí kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ pátápátá. Wọ́n sì pín ìwé àṣẹ: ti ẹkùn, ti gbogbo Nàìjíríà, àti ti òkè òkun. Wema Bank, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1945 pẹ̀lú orúkọ Agbonmagbe, fà sẹ́yìn di báǹkì ẹkùn. Kò kú. Ní 2015 ó padà di ti gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń fẹ́ nìyí. Kí òfin ka ẹ̀yáwó ọ̀gá báǹkì lọ́wọ́ báǹkì ara rẹ̀ léèwọ̀ pátápátá, ì báà jẹ́ orúkọ ìyàwó tàbí ti àbúrò ló fi gbà á. Kí báǹkì máa lẹ iye owó tó gbà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ ara ògiri, pẹ̀lú iye tó yá padà níbẹ̀. Báǹkì tó bá sì tún na ọwọ́ sí owó ìlú kó má baà kú, kí wọ́n pín in sí báǹkì ẹkùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí wọ́n má tún tà á lódidi fún olówó kan. Àwa náà mọ̀ pé ilé iṣẹ́ ńlá ń fẹ́ ẹ̀yáwó ńlá. Kí báǹkì mẹ́ta para pọ̀ yá wọn. Wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò lè dúró. Ní 2024 Báǹkì Àpapọ̀ tún pàṣẹ pé báǹkì tó ń ṣòwò dé òkè òkun gbọ́dọ̀ ní bílíọ̀nù 500 náírà, ti gbogbo orílẹ̀-èdè 200, ti ẹkùn 50, wọ́n sì dá ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 2026 fún wọn. Ìlérí 2004 náà ni wọ́n tún ṣe, pé títóbi ni ààbò. Àbújá ni wọ́n ti ń ṣòfin báǹkì, kì í ṣe ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀. Nítorí náà, bí sẹ́nétọ̀ tàbí aṣojú-ṣòfin yín bá gbé ìrẹsì wá, ẹ bi í pé: iye wo ni báǹkì gbà nílùú yìí, iye wo ni wọ́n yá padà, ìgbà wo ló sì béèrè lọ́wọ́ wọn? Àwọn èèyàn wa náà á wà lẹ́nu ọjà lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ẹ bi àwa náà.