Ẹ̀dọ̀ Inú Wa àti Ọjà Tí À Ń Tà
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìkówójọ ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá ní Hanwa, Zaria

  

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kì í sì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀dọ̀, n kò kọ̀, nítorí pé ẹ̀pà àti àgbàdo ni mò ń tà, ọjà méjèèjì sì ní ọwọ́ nínú ọ̀ràn náà, bí ẹ ó ti gbọ́ láìpẹ́.

Iṣẹ́ tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀dọ̀fóró ni a fi ń mí. Ẹ̀dọ̀, tí àwọn Haúsá ń pè ní hanta, wà lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún. Ti àgbàlagbà tó kílò kan àbọ̀. Ẹni tí ó bá ti kun àgbò Iléyá rí mọ̀ ọ́n, ó sì mọ̀ pé òróòro lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Abájọ tí àwọn baba wa fi ń sọ fún ẹni tí inú ń bí pé kí ó fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróòro.

Ẹ wo bí a ti ń ṣòwò. Ọkọ̀ tí ó kó àgbàdo wá láti Gíwá kì í já ẹrù fún oníbàárà lójú títì. Ilé ìkẹ́rù ni yóò kọ́kọ́ dé. Níbẹ̀ ni a ó ti wọ̀n ọ́n, tí a ó ṣà á, tí a ó kó apá kan pamọ́, tí a ó sì da èyí tí kò dára nù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀dọ̀ rí. Ẹ̀jẹ̀ tí ó gbé oúnjẹ kúrò nínú ìfun, ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀ ni ó ń kọ́kọ́ gbà kọjá. Ẹ̀dọ̀ a máa kó ṣúgà pamọ́ de ìgbà ebi. Èyí wà nínú ohun tí ó ń gbé aláàwẹ̀ ró di ìrọ̀lẹ́. Òun ni ó ń ṣe òróòro tí ó ń bá wa da ọ̀rá inú oúnjẹ. Òun ni ó ń ṣe èròjà tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dá bí ọ̀bẹ bá gé wa lọ́wọ́. Òun náà ni ó ń sọ ọtí, oògùn àti májèlé di aláìlágbára kí wọ́n tó jáde kúrò lára.

Ọlọ́run fún un ní ẹ̀bùn kan: bí dókítà bá gé ìdajì rẹ̀ kúrò lára ẹni tí tirẹ̀ dá ṣáṣá, yóò tún hù padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ kì í ké. Eyín kan péré kò ní jẹ́ kí a sùn, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ lè máa bàjẹ́ fún ogún ọdún láì sọ fún olówó rẹ̀.

Àrùn mẹ́dọ̀wú

Olórí ọ̀tá ẹ̀dọ̀ ní ilẹ̀ wa ni àrùn mẹ́dọ̀wú, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní hepatitis. Oríṣi B ni ó pọ̀ jù. Baruch Blumberg, ará Amẹ́ríkà, ni ó ṣàwárí rẹ̀ ní ọdún 1965. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1976. Ìwádìí tí ìjọba Nàìjíríà ṣe ní 2018 fi hàn pé nínú 100 ènìyàn láti ọmọ ọdún 15 dé 64, bí 8 ni ó ní oríṣi B lára. Ẹ ka àwọn tí ó jókòó nínú àgọ́ yìí, kí ẹ ṣe ìṣirò náà fúnra yín.

Àjọjẹ oúnjẹ kì í kó o ranni, bẹ́ẹ̀ ni bíbọ ara ẹni lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ ni, àti ìbálòpọ̀, àti ìyá sí ọmọ nígbà ìbí. Abẹ tí wánsámì fi fá orí ẹni mẹ́wàá, abẹ tí a fi sín gbẹ́rẹ́ fún gbogbo ilé, abẹ́rẹ́ tí a tún lò, ẹ̀jẹ̀ tí a kò yẹ̀ wò kí a tó fà á síni lára, ọ̀nà rẹ̀ nìwọ̀nyí. Ìkókó ni ó burú sí jù: nínú ọmọ 10 tí ó bá kó o nígbà ìbí, bí 9 ni yóò máa gbé e kiri títí.

Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àjẹsára wà. Láti 2004 ni ó ti wà nínú àjẹsára tí ìjọba ń fún àwọn ọmọ wa. Kí a tó pé wákàtí 24 tí a bí ọmọ ni kí ó gba àkọ́kọ́. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má dúró de ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Àgbàlagbà tí kò ní àrùn náà lè gba tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Ẹni tí ó ní oríṣi B, oògùn wà tí ń kápá rẹ̀. Oríṣi C, oògùn wà tí ń wò ó sàn pátápátá.

Ọ̀rẹ́ wa kan wà ní ọjà Sábọ̀n Gàrí, alágbára ọkùnrin. Ojú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí tíì tí kò ní mílíìkì. Wọ́n ní ibà pọ́njú ni, ó sì fi oṣù mẹ́ta mu àgbo. Nígbà tí ó fi dé ilé ìwòsàn, ikùn ti kún fún omi. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni. Kò pé ọdún 46 tí ó fi lọ. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ wò, méjì nínú mẹ́rin ní mẹ́dọ̀wú. Ìtọ́jú tètè kan àwọn yẹn. Ilé-ìwé ni wọ́n wà lónìí.

Ẹ̀pà àti àgbàdo

Ní 1960, ó lé ní 100,000 tòlótòló tí ó kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èérún ẹ̀pà tí wọ́n fi bọ́ wọn ni ó pa wọ́n, nítorí pé ẹ̀pà náà ti bu. Ohun tí ń bu lára ẹ̀pà àti àgbàdo ní májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, ẹ̀dọ̀ ni ó sì ń bá jà. Ní Kenya ní 2004, àgbàdo bíbu pa ènìyàn 125. Èyí tí ó wọ́pọ̀ ní tiwa kì í pani lójú ẹsẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń fa jẹjẹrẹ. Bí ó bá sì bá mẹ́dọ̀wú lára ẹni, ewu náà di ìlọ́po lọ́nà púpọ̀. Sísè àti yíyan kò pa á.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ọlọ́jà, ẹ má wọ́n omi sí ẹ̀pà, yálà kí ó lè rọrùn láti pa ni o, tàbí kí ó lè wúwo lórí ìwọ̀n. Orí tapólì ni kí a ti sá a, kì í ṣe orí ilẹ̀. Kí ó gbẹ títí yóò fi máa dún nínú èèpo. Kí àpò wà lórí pákó, kí ó jìnnà sí ògiri. Èyí tí ó bá ti hunjọ, tí ó dúdú, tàbí tí ó ti bu, ẹ ṣà á kúrò. Ẹ má sì tà á fún àwọn tí ń ṣe kúlíkúlí, nítorí ọmọ tiwa náà ni yóò fi mu gààrí.

Ìyókù

Ògógóró àti bùrùkùtù lójoojúmọ́ a máa sọ ẹ̀dọ̀ di líle bí awọ bàtà. Parasitamọ́ọ̀lù kò gbọ́dọ̀ ju hóró 8 oní-500 lọ lójúmọ́. Àgbo tí a kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ìsanrajù àti àtọ̀gbẹ pẹ̀lú kò bá a rẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Nínú owó tí a bá kó jọ lónìí, kí ẹgbẹ́ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ láti yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wò. Ọjọ́ 28 oṣù keje ni gbogbo ayé ya sọ́tọ̀ fún àrùn yìí. Kí àwa náà ṣe é ní ọjọ́ náà, lọ́dọọdún. Ẹni tí ó bá ní in, kí a mú un lọ sí ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ṣíkà, kí ẹnikẹ́ni má sì yẹra fún un. Ẹni tí kò bá ní in, kí ó gba abẹ́rẹ́. Gbọ̀ngán tí a fẹ́ kọ́ dára, ṣùgbọ́n ènìyàn ni yóò jókòó sínú rẹ̀.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí wa sí, ẹgbẹ́ wa kò ní bàjẹ́.