Ìgbà wo ni ká halẹ̀, ìgbà wo ni ká kan tábìlì?

Àwọn kan bi mí pé báwo ni mo ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ kí n halẹ̀ nídìí pọ́kà, àti ìgbà tó yẹ kí n kàn kan tábìlì kí n má fowó kún un. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú yín lọ sí Warehouse Road, ní Àpápá.

Ọmọ ọkọ̀ tírélà ni mí nígbà náà, kí wọ́n tó gbé ètò ìpè ọkọ̀ dé lọ́dún 2021. A lè wà lórí ìlà fún ọjọ́ mélòó kan ká tó wọ èbúté. Whot la fi ń lé oorun, owó oúnjẹ la sì fi ń ta á.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ku káàdì kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹnìkejì mi. Mo ju 20 sílẹ̀, mo pe circle, torí mo ní circle mẹ́ta tí mo fẹ́ kó nù. Circle gan-an ló dì mú! Ẹgbẹ̀rún méjì náírà mi lọ, gààrí ni mo mu sùn.

Dírẹ́bà àgbà kan tó ń wò wá kò tilẹ̀ bá mi kẹ́dùn. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, star mélòó ló wà nínú Whot? Méje péré. Méjì wà lọ́wọ́ ẹ, mẹ́rin ti wà nílẹ̀. Ọ̀kan ló kù! Circle méjìlá ń kọ́, mélòó lo ti rí?"

Mo ní, "Mẹ́ta ọwọ́ mi nìkan ni, bàbá."

Ohun tí bàbá yẹn ń wí ni àwọn onípọ́kà ń pè ní blocker: káàdì tó wà lọ́wọ́ mi kò lè sí lọ́wọ́ rẹ. Ẹ wo ace. Mẹ́rin ló wà nínú káàdì 52, ọ̀nà 6 sì ni èèyàn lè gbà ní méjì nínú wọn. Tí ọ̀kan bá ti wà lọ́wọ́ mi, ó di ọ̀nà 3.

Ká ní káàdì márààrún ti jáde sórí tábìlì, mẹ́ta jẹ́ spade. Ace spade wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n kò sí spade mìíràn tì í, n kò ní nǹkan kan. Síbẹ̀, mo mọ̀ dájú pé kò sẹ́ni tó lè ní flush tó ga jù. Ẹni tó ní flush kékeré, ace yẹn gan-an ló ń bẹ̀rù. Ibẹ̀ ni mo ti ń halẹ̀, owó ńlá ni mo sì ń gbé kalẹ̀. Owó kékeré kì í lé ẹnikẹ́ni.

Èyí tó ń kó èèyàn sí gbèsè ni òdìkejì rẹ̀. Heart méjì wà nílẹ̀, méjì wà lọ́wọ́ mi, mo retí ìkarùn-ún títí, kò wá. Ó máa ń ṣe èèyàn bíi kó halẹ̀, torí owó ti wọlé. Ṣùgbọ́n ta ló yẹ kó sá fún mi? Ẹni tó retí heart bíi tèmi tí kò rí i ni. Heart méjì tí ì bá wà lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, èmi ni mo dì wọ́n mú! Àwọn tó máa sá ti dín kù. Àwọn tó ní nǹkan gidi lọ́wọ́ kò ní sá. Mo máa kan tábìlì ni.

Àmọ́ o, bí ẹni tó jókòó níwájú yín bá jẹ́ irú ẹni tí kì í sá rárá, ẹ gbàgbé ìṣirò yìí. Ẹni tó jẹ owó oúnjẹ mi lọ́jọ́sí, irú ẹ̀ ni.