Ohun Tó Kù Sẹ́yìn Ìwé: Bí Nóòtì Ṣe Ń Di Ìpínrọ̀ Gidi

Ìgbìmọ̀ ní kí n fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ̀rọ̀ lórí àròkọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ yín ló ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tó ń múra ìdánwò WAEC. Ọdún 32 ni mo fi ṣe tíṣà. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tèmi gan-an ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ lónìí, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín jù.

Ní oṣù kẹsàn-án 2011, mo ní kí àwọn ọmọ SS 1 kọ àròkọ lórí omíyalé. Ẹ ó rántí pé òjò ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣọṣẹ́ n'Ìbàdàn ni, ẹ̀mí tó bá a lọ lé ní 100. Ọmọbìnrin kan mú tirẹ̀ wá. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé:

"Omíyalé jẹ́ ohun tí kò dára láwùjọ wa. Ó máa ń ba dúkìá jẹ́. Ó máa ń pa ènìyàn. Ó yẹ kí ìjọba wá nǹkan ṣe sí i."

Mo fi báírò pupa kọ "Kò sí ọ̀rọ̀ níbí" sí i, mo fún un ní máàkì 3 nínú 10. Bí mo ṣe fẹ́ pa ìwé náà dé ló bọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì fi ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀. Ẹ̀yìn ìwé yẹn ló ti ṣe nóòtì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àròkọ:

òjò ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ – ìdọ̀tí nínú gọ́tà – abẹ́ afárá dí – màmá àgbà, àpótí lórí, omi dé àyà – ilé etí odò – Ògùnpa 1980, bàbá sọ ọ́ – ìjọba

Ẹ gbà mí o! Gbogbo ohun tó lẹ́mìí ló fi sílẹ̀ sẹ́yìn ìwé, tó wá kó èyí tí kò lẹ́mìí síwájú. Mo pè é, mo bi í pé kí ló dé tí kò kọ ọ̀rọ̀ màmá àgbà sí i. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yin lẹ ní ká má máa kọ ọ̀rọ̀ ilé sínú àròkọ."

Òótọ́ ni. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn, mo sì ti fi kọ́ ọmọ tí mi ò lè kà. Mi ò lè sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, a jọ jókòó ti nóòtì náà. Ohun àkọ́kọ́ tí mo sọ fún un ni pé nóòtì kì í ṣe ìpínrọ̀ kékeré, bí èlùbọ́ kì í ti í ṣe àmàlà kékeré. Ó ní láti kan omi gbígbóná, ká sì rò ó. Mo ní kó mú ẹyọ kan péré nínú méje yẹn, èyí tó bá lè ru ẹrù. Ó mú ìdọ̀tí. Mo ní, "Sọ ohun tí o fẹ́ kí n gbà gbọ́ nípa ìdọ̀tí." Ó ronú títí, ó ní, "Àwa fúnra wa la fa omi náà wọlé." Ẹ ò rí i pé gbólóhùn tó ń lọ síbì kan nìyẹn? Ó yàtọ̀ sí "kò dára láwùjọ".

Lẹ́yìn náà ni mo kàn ń bi í léèrè: báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀? Kí ló tẹ̀ lé e? Ta ló rí i? Kò gba ìdájì wákàtí tó fi kọ èyí:

"Àwa fúnra wa la fa omi náà wọlé. Bí òjò bá ti ṣú, àwọn ará àdúgbò wa a máa da ìdọ̀tí sínú gọ́tà, kí àgbàrá lè bá wọn gbé e lọ. Ṣùgbọ́n kì í lọ jìnnà. Abẹ́ afárá ló ń dúró sí, tí ọ̀rá, ike àti ẹ̀ka igi á fi dì mọ́ra. Nígbà tí òjò ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ yẹn dé, omi kò rí abẹ́ afárá gbà mọ́, ló bá gba ẹ̀yìnkùlé wa. Mo rí màmá àgbà tó gbé àpótí aṣọ lé orí, tí omi dé àyà wọn. Ọ̀rá tí a dà nù láàárọ̀ ló ń léfòó yí wọn ká."

Ẹ wo bí nóòtì mẹ́rin ṣe para pọ̀ di ìpínrọ̀ kan. Gbólóhùn àkọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àwọn tó tẹ̀ lé e ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, màmá àgbà sì wá jẹ́rìí. Ìjọba kò sí níbẹ̀ rárá. Ó fẹ́ fi í kún un, mo ní kó dúró de ìpínrọ̀ tirẹ̀. Ibi tí àwọn ọmọ ti ń kùnà jù nìyẹn: wọn kì í fẹ́ fi nóòtì kankan sílẹ̀.

Ògùnpa lọ sí ìpínrọ̀ kejì pẹ̀lú ilé etí odò. Àwa àgbà tó wà n'Ìbàdàn lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980 kò nílò àlàyé, ṣùgbọ́n ọmọ náà nílò rẹ̀, kó lè fi hàn pé omi ti kìlọ̀ tẹ́lẹ̀, a ò sì kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀.

Ti máàkì ńkọ́? Nínú àròkọ Gẹ̀ẹ́sì WAEC, 50 ni gbogbo rẹ̀: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún ètò, 20 fún ìlò èdè, 10 fún àìṣàṣìṣe nínú sípẹ́lì àti àmì. Àwa tíṣà a máa lo gbogbo agbára wa lórí 10 ìkẹyìn yẹn, torí ó rọrùn láti fi báírò pupa yí po. "Lákọ̀ọ́kọ́, lọ́nà kejì, ní ìparí" tí à ń há sórí nígbà náà ńkọ́? Ilẹ̀kùn ni wọ́n. Bí kò bá sí ògiri, kí la fẹ́ fi ilẹ̀kùn ṣe?

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá gbé àròkọ tó ń dán wá, tí ẹ sì fura pé fóònù ló bá a kọ ọ́, ẹ má lù ú. Ẹ béèrè nóòtì rẹ̀. Ẹ bi í pé, "Kí ni ìwọ rí?" Kẹ́ ẹ sì dákẹ́ títí yóò fi dáhùn. Ìdákẹ́ yẹn le fún wa, mo mọ̀.

Mo fagi lé 3 yẹn, mo kọ 8. Nígbà tí ọmọ náà ń jáde ilé ìwé, ó fi ìwé náà ta mí lọ́rẹ. Òun nìyí lọ́wọ́ mi. Màá gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ẹni tó bá fẹ́ wò ó kó wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ nu ọwọ́ ọbẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣí i o.