Ọmọ tó bá fẹ́ràn ẹranko, ẹ jẹ́ kó kọ́ṣẹ́ rẹ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa)



Iṣẹ́ tèmi ni kíkọ́ ọmọdé àti òbí nípa ẹranko igbó, ẹyẹ àti igi. Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù ni: “Ṣé iṣẹ́ nìyẹn?” Iṣẹ́ ni o! Àwọn baba wa ṣe é. Ọdẹ tó ń sun ìjálá, tó ń ki erin àti ẹfọ̀n, ìwà ẹranko ló ń kọ́ni. Ìyá àgbà tó ń pa ààlọ́ Ìjàpá náà ń ṣe é. Àmọ́ ààlọ́ ti dín kù, àwọn tó gbọ́ ìjálá dáadáa sì ń tán lọ. Ọmọ Òkìtìpupa mọ kìnnìún inú tẹlifíṣọ̀n, kò mọ akika àfi lórí igbá ẹlẹ́ran létí títì.

Akika ọ̀hún, ẹ gbọ́ ná. Kò ní eyín. Ahọ́n gígùn ló fi ń lá èèrà àti ikán. Ọmọ kan ṣoṣo ló sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan. Tí a bá ń pa á báyìí, kí ló máa ṣẹ́kù? Lọ́dún 2016, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò ní Johannesburg láti fòpin sí òwò akika láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Ṣùgbọ́n òfin yẹn ò dé ìdí ìkòkò wa. Ọmọ tó mọ ẹran náà ló lè sọ pé, “Bàbá, ẹ má rà á.”

L'Ékòó, Nigerian Conservation Foundation, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1980, ní ọgbà ní Lẹ́kí láti 1990. Ọmọ ilé ìwé àti òbí ń lọ wo ọ̀bọ àti ìjàpá lójúkojú níbẹ̀. Iṣẹ́ oòjọ́ àwọn kan ni láti mú wọn rìn, kí wọ́n sì ṣàlàyé. Àwa náà ní igbó ìjọba Oluwa nítòsí. Ta ló ń mú ọmọ wa débẹ̀?

Ẹ̀bẹ̀ mi ò pọ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ ka ẹ̀kọ́ ẹranko igbó ní FUTA l'Ákùúrẹ́, ẹ má bi í bóyá ọdẹ ló fẹ́ dà. Kí ẹgbẹ́ wa sì bá àwọn ọ̀gá ilé ìwé sọ̀rọ̀: wákàtí kan lọ́sẹ̀, kí ọdẹ àgbà kan jókòó ti olùkọ́. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ á gbèrú o.